Igbó Ilé: Ọ̀rọ̀ lórí Ìlú tí ó ń Gbòòrò àti Igbó tí ó Yí i Ká

 

Bí ẹ bá ń bi ara yín pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ igbó àti ilé kíkọ́, ìbéèrè náà tọ́. Èmi kì í ṣe onímọ̀ nípa igi, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe awọnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ọ̀rọ̀ ni a kọ́kọ́ fi ń dáàbò bo igbó, ọ̀rọ̀ náà ni a sì kọ́kọ́ fi ń pa á. Ní ọjọ́ tí a bá dẹ́kun àtimáa pe igbó ní orúkọ rẹ̀, tí a wá ń pè é ní ilẹ̀ tí ó ṣófo, ọjọ́ náà ni a ti tà á, bí kò tilẹ̀ tíì sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀.

1. Orúkọ tí àwọn baba wa fún un

Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ibi tí igi bá ti pọ̀. Ẹgàn ni igbó ńlá tí àdá kò tíì kàn. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ fọ́nká. Igbó ọba wà, igbó orò wà. Èyí tí ó kàn wá jù lọ lónìí ni igbó ilé. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí Yorùbá ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé igbó tí ó yí odi ìlú ká, tí a dá sí nítorí ààbò, ni a ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yìn odi ni igbó náà wà, síbẹ̀ ilé ni a so mọ́ ọn. Lójú àwọn tí ó fún un ní orúkọ yìí, igbó àti ilé kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Bí ògiri ṣe jẹ́ ti ilé, bẹ́ẹ̀ ni igbó ṣe jẹ́ ti ìlú. Ẹni tí ó bá wó ògiri ilé rẹ̀ láti fẹ yàrá, a ó bi í léèrè ibi tí yóò sùn.

2. Ìlú tí ó kó ẹrù kúrò fún igbó

Mo fẹ́ kí a yẹ ìtàn igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wò, nítorí kò sí igbó ẹ̀bá ilé kan ní ilẹ̀ wa tí ìtàn rẹ̀ yéni tó o. Odò Ọ̀ṣun kì í sì í ṣe àjèjì sí àwa tí a ń jẹ́ Èkìtì, nítorí Ìgèdè-Èkìtì ni ó ti ṣẹ̀.

Ìtàn sọ pé Láròóyè àti ọdẹ kan tí ń jẹ́ Olútìmẹ́hìn ni wọ́n ṣáájú àwọn ènìyàn wọn láti Ìpólé, wọ́n ń wá omi. Wọ́n gé igi kan, igi náà wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Bí wọ́n ṣe bá Ọ̀ṣun mulẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀bá odò nínú igbó ni ìlú kọ́kọ́ dúró sí. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó jáde, wọ́n sì fi igbó sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Ojú ààfin àkọ́kọ́ àti ìkejì ṣì wà nínú igbó náà títí di òní. Ní Òṣogbo, nígbà náà, ìlú ni ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò fún igbó.

Ṣùgbọ́n májẹ̀mú kì í ṣọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ẹ̀sìn àti ìṣèlú ti yí padà. Èèwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ba ènìyàn lẹ́rù mọ́. Àwọn àwòrò ń dínkù, àwọn olè sì ń jí ère kó lọ tà. Ìjọba gba apá kan ilẹ̀ náà fún ìdánwò iṣẹ́ ọ̀gbìn; wọ́n gé igi, wọ́n sì gbin tíìkì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja, níbi tí ó ti jẹ́ èèwọ̀ rí. Àwọn tí ń fi ilẹ̀ ṣòwò náà ti ń na ojú sí i.

Ní àkókò yìí ni Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Austria tí a bí ní 1915, tí ó sì dé Nàìjíríà ní 1950, dúró ti àwọn olórìṣà. Àdùnní ni àwọn ará ìlú ń pè é títí ó fi kú ní 2009. Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn ọmọ ìlú ni ó bá a tún ojúbọ ṣe, tí wọ́n jọ gbé ère ńláńlá kalẹ̀ káàkiri inú igbó. Ọ̀kan nínú wọn ni Adébísí Àkànjí, ẹni tí ó jẹ́ bíríkìlà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbójú fo èyí. Sìmẹ́ǹtì kan náà tí a fi ń bo ilẹ̀ igbó mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi mọ ère tí ó ń ṣọ́ igbó. Níbi tí ohùn èèwọ̀ ti há, ère ni ó ń wí fún ẹni tí ó mú àdá wá pé ibí yìí ní olúwa.

Òfin tẹ̀lé e. Ní 1965, ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1991, Òṣogbo di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ sì mọ̀ pé ìlú tí ó bá di olú-ìlú, ilẹ̀ rẹ̀ di wúrà. Ní 1992, a fẹ ààlà òfin náà títí ó fi kárí gbogbo hẹ́kítà 75 tí igbó náà jẹ́. Ní 2005, àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé, pẹ̀lú hẹ́kítà 47 mìíràn tí ó yí i ká bí ìgbátí. Ilé ti dé etí igbó náà lónìí, ṣùgbọ́n kò gbé e mì. Àléébù kan kù: odi kò lè dá omi dúró. Ìwakùsà wúrà ní òkè odò ti da omi Ọ̀ṣun rú ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Èyí kọ́ wa pé ìṣọ́ kò gbọdọ̀ mọ sí etí ọgbà.

3. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sílé

Agbègbè tiwa wà níbi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn ń bẹ̀rẹ̀. Igbó tí a bá ṣán ní ìhà gúúsù lè tún hù. Ní etí ọ̀dàn, koríko ni ó ń kọ́kọ́ gba ilẹ̀. Iná ẹ̀ẹ̀rùn a sì máa jó o lọ́dọọdún, débi pé ọmọ igi kì í ráyè dàgbà. Nítorí náà, ohun tí a bá pa níhìn-ín, àfàìmọ̀ ni kí a má pa á pátápátá.

Nígbà tí mo lọ kí àwọn ará ilé kẹ́yìn, mo rìn dé etí igbó kan tí ìyá mi kì í jẹ́ kí a wọ̀ nígbà èwe wa. Mo bá òpó ààlà kéékèèké tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe, nọ́ńbà wà lára wọn. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣánko níbẹ̀ léèrè orúkọ igbó náà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, “Bàbá, pulọ́ọ̀tì ni gbogbo rẹ̀ o.” Kò rí mi fín. Ohun tí a fi hàn án ni ó sọ. Ojú tì mí, nítorí èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, mo ní láti lọ bá àbúrò ìyá mi kí n tó rántí orúkọ igbó ilé mi.

Mo mọ ohun tí a lè fi dá mi lóhùn. Ènìyàn ń pọ̀ sí i, wọn kò sì lè sùn sórí igi. Òtítọ́ ni. Ẹbí tí kò ní ohun mìíràn ju ilẹ̀ lọ tí yóò fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ta ni èmi tí mo ń gba owó oṣù láti dá a lẹ́bi? Ẹlòmíràn yóò ní Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì ni òun, òun kò ní í bá wa ṣọ́ igbó òrìṣà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ ohunkóhun. Omi tí igbó ń fà mu nígbà òjò kò béèrè ẹ̀sìn ẹni tí yóò gbé lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún kọjá etí rẹ̀ tí ilé ti gbà; ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Omíyalé ni a sọ ọ́. Omi kò béèrè mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kí ó tó yà.

Ohun mẹ́ta ni mo dá lábàá. Èkíní, kí a kọ orúkọ, ààlà àti ìtàn igbó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ nìyí. Èkejì, kí a kọ́kọ́ wo àárín ìlú. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ni ó kún fún àlàpà: ògiri ti wó, koríko ti bo ojúlé, àwọn ọmọ onílé sì ń ṣán igbó kọ́ ilé sí ẹ̀yìn ìlú. Ẹ jẹ́ kí a parí ìjà ogún, kí a tún àlàpà kọ́, kí a tó na ọwọ́ sí igbó. Ẹ̀kẹta, òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Kí ọba, ìjòyè àti ẹbí mú ìwé ààlà náà tọ ìjọba lọ, kí a fi òfin dè é. Kí a sì wá ohun gidi fi tu ẹbí tí ó yááfì ilẹ̀ rẹ̀ nínú. Bí ìlú ni yóò mu omi rẹ̀, kò tọ́ kí ẹbí kan dá gbèsè rẹ̀ san.

Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, n ó tún lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Orúkọ igbó náà ni n ó kọ́kọ́ sọ fún un, kí n tó sọ ohunkóhun nípa òfin. Lẹ́yìn náà, n ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí èmi àti àbúrò ìyá mi lè sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí àwọn igi náà ṣì dúró.