Apá Tí Ó Di Ẹsẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí, ti àwọn ará wa ni, àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ tàbí ti alùpùpù, tàbí igbà tí ó já lórí ọ̀pẹ, ti ba okùn iyebíye tí Ẹlẹ́dàá fà láti inú ọpọlọ gba àárín eegun ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ jẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì gbà wọ́n mọ́. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo ẹbí ń sunkún lé lórí, ẹsẹ̀ ni a ń gbàdúrà fún, nítorí ẹsẹ̀ ni a ṣe ń gbé aláìsàn kiri ilé oníṣègùn; èjìká méjèèjì tí ó kù, tí ó ń gbé gbogbo ara lọ, tí ó ń gbé e bọ̀, kò sí ẹni tí ń béèrè àlàáfíà wọn, títí di ọjọ́ tí àwọn náà yóò fi kígbe.

Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ẹni tí ń gbé orí kẹ̀kẹ́ arọ, ọwọ́ náà ni ó fi ń jẹun tí ó fi ń wẹ̀, òun ni ó fi ń ti kẹ̀kẹ́, òun ni ó sì fi ń gbé ara rẹ̀ láti orí ibùsùn bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, láti orí kẹ̀kẹ́ bọ́ sí ilé ìyàgbẹ́ tàbí sínú mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò dá èjìká fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Oríkèé ìbàdí ni a dá fún gbígbé ara, ihò rẹ̀ jìn, orí eegun itan sì wọ inú rẹ̀ ṣinṣin; ti èjìká kò jìn rárá, kí apá lè nà sókè, kí ó sì lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan ni ó sì so ó ró, tí wọ́n ń gba abẹ́ eegun òkè èjìká kọjá níbi tí àyè kò pọ̀. Ní 1987, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ènìyàn 94 tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ nítorí ìfarapa eegun ẹ̀yìn. Èjìká ń dun 31 nínú wọn nígbà tí wọ́n bá ń gbé ara wọn láti ibì kan sí ibòmíràn. Nígbà tí a sì wọn agbára tí ń tẹ inú oríkèé ní àkókò náà, ó ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ. Iṣan tí a bá ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, gbígbó ni yóò máa gbó, ó sì lè ya níkẹyìn.

Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé àwọn baba ńlá wa kò sọ nípa ìrora èjìká yìí. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bá bàjẹ́ kì í pẹ́ láyé, nítorí egbò ìdùbúlẹ̀ àti àrùn inú àpò ìtọ̀. Láti ìgbà tí dókítà Ludwig Guttmann ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtọ́jú ìfarapa eegun ẹ̀yìn ní Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1944, tí a sì dá ilé ìwòsàn Ìgbóbì sílẹ̀ ní Èkó ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́, ìtọ́jú ti ń mú kí ẹ̀mí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gùn. Ẹ̀mí tí ó gùn náà ni ó fi èjìká sí ẹnu iṣẹ́ ẹsẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún.

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Kí ìrora tó dé ni kí ẹ ti wo ibùsùn: bí ó bá ga ju ìjókòó kẹ̀kẹ́ lọ, ẹ pe káfíńtà kí ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí méjèèjì dọ́gba, kí ẹ sì ní pákó pẹlẹbẹ tí a fá dán, tí ìdí lè máa yọ̀ lórí rẹ̀ láti ìhín dé ọ̀hún. Kí ọwọ́ tí a fi ń gbé ara má jìnnà sí ara, kí ó má sì ga ju èjìká lọ. Kí a má fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ tí ọrùn-ọwọ́ yóò fi ká sẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni ìka ti ń kú tipiri. Kí a di etí ibùsùn mú, tàbí kí a di ọwọ́ ní ìkúùkù. Kí ó má sì jẹ́ apá kan náà ni yóò máa ṣáájú nígbà gbogbo. A ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ pé kí wọ́n máa fi apá méjèèjì gbé ìdí sókè kí egbò má baà dá sí i. Ìdí gbọ́dọ̀ sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú lé orúnkún, tàbí tí ó fì sí ọ̀tún, tí ó fì sí òsì, tí ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ìdí yóò sinmi, èjìká náà yóò sì sinmi.

Ní ti kẹ̀kẹ́, èyí tí ó fúyẹ́ ni kí ẹ wá bí agbára bá ká a, ẹ má sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ lọ sílẹ̀. Títì gígùn tí ó rọra ni kí ẹ máa tì í, kí ọwọ́ sì wálẹ̀ ní ìrọ̀rùn kí ó tó padà sókè. Títì kúkúrú léraléra ni ó ń pa èjìká. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n fara pa ní eegun ẹ̀yìn dá sílẹ̀, Paralyzed Veterans of America, ṣe onígbọ̀wọ́ ìwé ìlànà kan ní 2005, olórí ìmọ̀ràn inú rẹ̀ sì ni pé kí a dín iye ìgbà tí apá ń ṣiṣẹ́ kù, kí a sì dín agbára tí ó ń lò kù. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láàárín wa, ẹni tí ó bá gba ìrànlọ́wọ́ ni àwọn kan ń pè ní ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin ará ilé, mo ní gbólóhùn kan fún yín tí ó ká mi lára. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ni ó bàjẹ́, tí apá pàápàá kò lágbára, iṣan tí ì bá di èjìká rẹ̀ mú ti rọ. Bí ẹ bá fa apá rẹ̀ tàbí tí ẹ gbé e ní abíyá, ẹ lè fa oríkèé náà yọ díẹ̀díẹ̀. Àyà àti ìdí rẹ̀ ni kí ẹ gbá mú, ó kéré tán kí ẹni méjì ṣe é, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, òkè kékeré tí kẹ̀kẹ́ lè gùn, tí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 12 nà fún ẹsẹ̀ bàtà kan tí ó ga, ó sàn ju kí ẹ máa gbé ènìyàn gun àtẹ̀gùn bí àpò gààrí. Òfin orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà lórí àwọn aláàbọ̀ ara, tí a fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2019 ti fi dandan lé e fún àwọn ilé ìjọba àti ti gbogbogbòò.

Bí ìrora bá ti dé, ẹ má fi oògùn apàrora nìkan bò ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fa apá náà. Ẹ tọ àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì lọ, kí wọ́n fi eré ìdárayá hàn yín tí yóò na iwájú àyà, tí yóò sì mú kí iṣan ẹ̀yìn èjìká le. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pẹ́ ọdún tí ìfarapa ṣẹlẹ̀, tí ọwọ́ tí ó lágbára tẹ́lẹ̀ wá ń rọ, tàbí tí kò mọ iná yàtọ̀ sí omi tútù mọ́, ó lè jẹ́ pé omi ń kóra jọ sínú okùn eegun ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn ìfọwọ́ra. Àwòrán MRI ni a fi ń rí i. Nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.