Ìrẹsì Oníke: Ariwo Tá A Pa àti Èyí Tá A Gbàgbé

Ṣé ẹ rántí oṣù Kejìlá ọdún 2016? Àwọn aṣọ́bodè gba àpò ìrẹsì 102 ní Ìkẹjà, wọ́n ní ike ni. Kíá, ọ̀rọ̀ ti gba orí WhatsApp kan.

NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò: kì í ṣe ike. Ọkàn wa balẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yẹn kan náà sọ pé kòkòrò àrùn inú rẹ̀ kọjá ohun tí òfin gbà láyè. Ta ló pariwo ìyẹn?

Ẹnì kan á ní iná á pa á. Iná lè pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ májèlé tí àwọn kan nínú wọn ń fi sílẹ̀ kì í bá iná lọ.

Ìrẹsì fàyàwọ́ kì í bá ayẹ̀wéwò pàdé lọ́nà. 102 la rí gbà. Mélòó ló ti wọ ìkòkò?

Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ ká máa fi ránṣẹ́ síra wa ni pé: ta ló yẹ oúnjẹ yìí wò kó tó dọ́jà? Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti déètì lára àpò. Bí kò bá sí, ẹ má rà á.

Ó dìgbà o.