Aràn Inú Ẹja Òkun



Obìnrin kan la ikùn ẹja Titus tí ó rà lọ́jà, ó sì rí ohun funfun tín-ínrín kan tí ó ká bí okùn. Ó gbé ẹja náà padà, ni òun àti ìyá ẹlẹ́ja bá dà á sílẹ̀. Èyí ní ẹja ti jẹrà, èyí ní kò jẹrà. Ìyá ẹlẹ́ja ló jàre. Ìdin ni eṣinṣin ń bí sára ẹja tí ó ti bàjẹ́. Aràn ni èyí, láti inú òkun ni ó sì ti wà nínú ẹja.

Anisakis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú àbùùbùtán àti irú wọn ni ó ti ń dàgbà. Ẹyin rẹ̀ a bá ìgbẹ́ wọn bọ́ sínú omi. Bí ó bá pa, edé kéékèèké a gbé e mì, ẹja a jẹ edé, àbùùbùtán a tún jẹ ẹja. Ènìyàn kò sí nínú ìrìn-àjò yìí. Bí aràn náà bá ṣèèṣì wọ inú wa láàyè, kò lè dàgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó kú, a máa gún ara ikùn tàbí ìfun. Inú rírun kíkan àti èébì ni yóò tẹ̀lé e.

Àwọn ará Hólándì ló kọ́kọ́ mọ èyí dájú. Wọ́n fẹ́ràn ẹja herring, ìbátan ṣáwá wa, tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí láìsè é. Tẹ́lẹ̀ rí, ojú omi ni apẹja ti ń yọ ìfun rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń kó o sínú yìnyín pẹ̀lú ìfun rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀, aràn inú ìfun sì ráyè wọ inú ẹran ẹja. Ní 1960 ni van Thiel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn tí inú ń run. Ní 1968 ni ìjọba wọn pàṣẹ pé kí a mú herring dì ní ìwọ̀n òtútù 20 sí ìsàlẹ̀ òdo, fún wákàtí 24 ó kéré tán. Àìsàn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀.

Ní tiwa, ọbẹ̀ tí ó hó dáadáa ti pa aràn yìí, iná tí a fi ń yan ẹja gbígbẹ náà sì tó o. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni ẹja dídín tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n rẹ̀sùrẹ̀sù nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára egungun. Iyọ̀ díẹ̀ tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè pa á. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ti kọ́ ẹja tútù jíjẹ, ẹ bi ẹni tí ń tà á bóyá ó ti dì rí. Bí ara ẹnikẹ́ni bá sì ń yún un, tàbí tí ó ń wú, lẹ́yìn tí ó jẹ ẹja tí ó jinná, kí ó lọ rí dókítà, nítorí òkú aràn pàápàá a máa bá àwọn mìíràn jà.

Bí ẹ bá ra ẹja tuntun, ẹ tètè yọ ìfun rẹ̀.

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ aràn náà dànù, ó se ẹja rẹ̀, tilé tọ̀nà jẹ ẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja fi ṣáwá méjì ṣe ènì fún un.