Ọmọ Àgbàtọ́ Tí Ó Jọ Ọmọ Bíbí: Ọ̀rọ̀ Lórí Àtúndá Ìtàn

Olóòtú ètò yìí ti bẹ̀ mí pé kí n má ṣe ti orí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ilé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àdúgbò Pleasure ni mo ń gbé, ní Alímọ̀ṣọ́, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí iná ìjọba kò sí, ọmọ aládùúgbò wa kan, tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wá gba iná sí fóònù rẹ̀ lára jẹnẹrétọ̀ wa. Bí fóònù ti ń gba iná ni òun náà ń wo fíìmù lójú rẹ̀, ọ̀kan nínú irú fíìmù àwòrán tí àwọn ará Jàpáànù ń yà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ànímè. Mo jókòó tì í. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí àjẹ́ sọ di arúgbó lójijì, tí ó sì wọ inú ilé ńlá kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri. Mo bi í pé ta ni ó ni ìtàn náà. Ó ní, “Miyazaki ni, sà.” Mo sọ fún un pé obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Diana Wynne Jones, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1986, kí Hayao Miyazaki tó sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 2004. Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí ó rí àgbàlagbà tí ó ń purọ́. Ó ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ara ìtàn náà ni ó jọ ti ẹni tí ó ya fíìmù.

N kò bá a jiyàn púpọ̀, nítorí òótọ́ wà nínú ohun tí ó wí. Nínú ìwé, ilẹ̀ Wales, nínú ayé tiwa yìí, ni oṣó inú ìtàn náà ti wá. Miyazaki yọ Wales kúrò pátápátá. Ó wá gbé ogun ńlá kan wọ inú ìtàn, ogun tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé, nítorí pé inú ń bí òun fúnra rẹ̀ sí ogun tí Amẹ́ríkà gbé lọ sí Ìráàkì ní ọdún 2003. Ìbínú yẹn kì í ṣe ohun tí ó yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nìyí: kí ni ó ń mú kí iṣẹ́ tí a tún dá láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá? A kò ní láti lọ sí Jàpáànù kí a tó rí ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú Amos Tutùọlá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ìlú tí ọ̀nà tí ó kọjá níwájú ilé wa ń lọ. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tí ilé-iṣẹ́ Faber ní London tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní ọdún 1952. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá ń yọjú lábẹ́ rẹ̀ ni, bí ìgbà tí ènìyàn wọ kóòtù lé agbádá. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn yìí sórí pèpéle ní Yunifásítì Ìbàdàn. Demas Nwoko ni ó ṣe ọnà pèpéle náà. Ọ̀mùtí tí kò ní orúkọ gidi nínú ìwé, Ògúnmọ́lá sọ ọ́ ní Lánkẹ́. Adẹ́mu rẹ̀ tí ó jábọ́ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, ó sọ ọ́ ní Àlàbá. Ó bọ́ kóòtù náà kúrò lára ìtàn, ó fi ìlù àti orin dípò rẹ̀. Ní ọdún 1969, ó gbé eré náà dé Algiers, níbi àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ eré yìí kí ó tó ka ìwé, yóò rò pé láti inú eré ni a ti túmọ̀ ìwé.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí n kò fẹ́ràn níbẹ̀. Ògúnmọ́lá sọ gbogbo ìrìnàjò ọ̀mùtí sí ìlú àwọn òkú di àlá. Nínú ìwé, ọ̀mùtí mú ẹyin kan bọ̀ láti ọ̀hún, ẹyin náà ni ó sì fi bọ́ àwọn ènìyàn nígbà tí ìyàn mú. Ẹni tí ó jí lójú oorun kò mú ẹyin kankan bọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé àlá náà jẹ́ ti Ògúnmọ́lá. Òun ni ó fẹ́ bá àwọn ọ̀mùtí wí, Tutùọlá kò bá ẹnikẹ́ni wí.

Èyí tí ó le jù ni ti Ọlá Rótìmí, nítorí ibi tí òun ti yá tirẹ̀ jìnnà. Ó ti tó ọdún 2,400 tí Sophocles ará Gíríìsì ti kọ eré nípa Oedipus, ọba tí ó pa bàbá rẹ̀ tí ó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Rótìmí gbé e wá sí ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní ọdún 1968. Oedipus di Ọdẹ́wálé, ọba Kútùjẹ́. Afọ́jú aríran di Bàbá Fákúnlé, babaláwo. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan ni ó pààrọ̀ ni, a kì bá tí máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ẹ wo ibi ìjà. Ní ti àwọn ará Gíríìsì, oríta mẹ́ta ni ọmọ ti pàdé bàbá. Ẹni tí yóò yà fún ẹnì kejì ni ó di ìjà. Ní ti Rótìmí, oko iṣu ni. Ọdẹ́wálé fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀, ó bá àwọn àjèjì tí wọ́n ń wa iṣu rẹ̀. Ó gbìyànjú láti mú sùúrù, títí arúgbó náà fi bú ẹ̀yà tí ó rò pé òun ti wá. Èébú yẹn ni kò lè gbé mì, ni ó bá fi ọkọ́ pa bàbá tí ó bí i. Ẹ rántí pé ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa ń lọ lọ́wọ́ ní ọdún 1968, àti pé Yorùbá ni bàbá Rótìmí, Ìjọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Ìjà oríta ti di ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Níbẹ̀ ni eré náà ti bọ́ lọ́wọ́ Sophocles.

Ojú rírán ṣì hàn níbì kan. Bí Ifá bá sọ ibi fún wa, a máa ń béèrè ẹbọ. Pé kí babaláwo wí pé ọmọ yìí yóò pa bàbá rẹ̀, kí ó má sì sí ọ̀nà mìíràn ju kí a gbé ọmọ náà lọ pa, òwú Gíríìsì ni mo rí níbẹ̀, kò sí aró tí ó lè bò ó.

Àwọn kan yóò ní èdè ni gbogbo rẹ̀: pé bí a bá ti dá ìtàn padà sí Yorùbá, ó ti di tiwa. N kò gbà. Wọlé Ṣóyínká tẹ Death and the King’s Horseman jáde ní ọdún 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Bíyì Bándélé sì sọ ọ́ di fíìmù, Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí ó jáde ní ọdún 2022 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọdúnládé Adékọ́lá ṣe Ẹlẹ́ṣin dáadáa, Yorùbá inú rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ṣóyínká ni fíìmù náà ń tọ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Bí mo ti ń wò ó, ìwé ni mo ń rí. Dúró Ládiípọ̀ ti ṣe Ọba Wàjà ní ọdún 1964 láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, Ṣóyínká kò sì tọ ẹsẹ̀ rẹ̀: ọmọ Ẹlẹ́ṣin tí ó wà ní ilẹ̀ Gánà nínú eré Ládiípọ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn nínú ti Ṣóyínká. Eré méjì tí kò gba àyè lọ́wọ́ ara wọn ni wọ́n.

Mo yá ọmọ aládùúgbò wa ní ìwé Tutùọlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó gbé e padà, ó sì fi àwòrán kan sínú rẹ̀. Ẹ óò rántí ọkùnrin arẹwà inú ìtàn náà, tí ó háyà ẹ̀yà ara lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn wá sọ́jà, tí ó ń dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku agbárí nìkan. Ìbúdókọ̀ Pleasure ni ọmọ yìí gbé ọkùnrin náà dúró sí. Ó ti fẹ́ wọ dánfó, ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ sì ti jókòó sínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ pé kí ó kó ẹsẹ̀ òun wá. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀. Mo ní kí ó kọ ti Tutùọlá mọ́ ọn. Ó bi mí pé ṣé Tutùọlá fúnra rẹ̀ kọ orúkọ àwọn tí ó pa àlọ́ náà fún un. Mo ṣì ń wá ohun tí n ó fi dá a lóhùn.