Agbára Òṣìṣẹ́: Èwo Ló Yẹ Ká Rà, Èwo Ló Yẹ Ká Fi Sílẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù ẹ̀ka wa. A tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ náà.)

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn agolo ìyẹ̀fun àti oògùn agbára tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì wa. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gbé irin lẹ́yìn iṣẹ́ ń rà á. Àwọn agbẹ́rù ń rà á. Àwọn mìíràn ń rà á ní àwìn, owó oṣù ni wọ́n fi ń san án. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ara sì ni pẹ̀lú. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ti ń wá. Ohun mẹ́ta ló ń fún ẹran ara lágbára: iṣẹ́ tí à ń fi í ṣe, oúnjẹ tí à ń jẹ, àti oorun tí à ń sùn. Ìgbà tí a bá ń sinmi ni ẹran ara ń tún ara rẹ̀ mọ, kì í ṣe ìgbà tí irin wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ṣe ófátáìmù títí di òru, tí kò sùn, tó tún lọ gbé irin láàárọ̀, kò sí agolo tó lè gbà á.

Nínú oúnjẹ, èyí tó ń mọ ẹran ara ni amúaradàgbà. Àwọn onímọ̀ sọ pé ẹni tó ń gbé irin gidigidi lè jẹ tó gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n. Ẹni tó bá wọn kílò 70, gíráàmù 112 ni tirẹ̀ lójúmọ́. Ibo ni yóò ti rí i? Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15. Ẹ̀pà ìwọ̀n gíráàmù 100 ní bíi 25. Ẹ tún fi ẹja, ẹran, mọ́ínmọ́ín, wàrà àti ẹ̀wà sóyà kún un. Gàrí nìkan kò lè ṣe é. Gàrí ń fúnni lókun láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n amúaradàgbà inú rẹ̀ kéré púpọ̀.

Ìyẹ̀fun amúaradàgbà tí wọ́n ń pè ní whey, láti ara wàrà màlúù ni wọ́n ti ń ṣe é. Oúnjẹ ni, kì í ṣe idán. Ṣíbí ńlá kan tó wà nínú agolo máa ń ní bíi gíráàmù 20 sí 25, ìyẹn bí ẹyin mẹ́rin. Kí ẹ tó rà á, ẹ ṣírò rẹ̀: eélòó ni ṣíbí kan, eélòó ni ẹyin mẹ́rin tàbí ẹ̀wà ife méjì? Bí ẹ̀wà bá dín owó kù, ẹ ra ẹ̀wà. Ẹni tí àyè kò gbà láti jẹun lẹ́nu iṣẹ́, bíi dírẹ́bà tó ń rìn jìnnà, ìyẹ̀fun náà lè wúlò fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan.

Ohun kejì ni creatine. Ara wa ń ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì wà nínú ẹran àti ẹja. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún agbára, èyí wà lára àwọn tí wọ́n ti dán wò jù, tí wọ́n sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ran ẹni tó ń gbé ohun wúwo léraléra lọ́wọ́. Gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ ti tó. Èyí tí wọ́n kọ creatine monohydrate sí lára kò wọ́n bí àwọn tó ní orúkọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì dára tó wọn. Ó lè mú kí ara wọn díẹ̀ sí i nítorí omi. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ̀kẹta ni kafíìnì, tó wà nínú obì, kọfí àti tíì. Ó ń jí ara, ó sì lè fi díẹ̀ kún agbára. Àjọ WADA, tó ń rí sí oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé, ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ láti ọdún 2004. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jẹ obì, ẹ má fi kọfí àti ohun mímu inú agolo lé e lórí. Ọkàn á máa lù kìkì. Ẹ̀yin awakọ̀, kafíìnì kò rọ́pò oorun. Bí ojú bá ń kùn yín, ẹ yà sẹ́bàá títì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Tramadol kì í ṣe oògùn agbára. Oògùn ìrora ni, dókítà ló sì ń kọ ọ́ fúnni. Ó ń bo ìrora mọ́lẹ̀ kí ẹ̀yìn lè máa bàjẹ́ lọ láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀. Ó ń di bárakú, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró. Sítẹ́rọ́ìdì náà ń kọ́? Ní 1988, ní Seoul, wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ Ben Johnson nítorí rẹ̀. Ó ń ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó ń sọ kóró ọkùnrin di kékeré, ó ń sọ ohùn obìnrin di ti ọkùnrin.

Ẹnìkan lè ní, "Tèmi bá òfin mu, mi ò ní wàhálà." Ẹ rọra. Láàárín ọdún 2000 sí 2001, wọ́n yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀ 634 wò ní Cologne, ní Jámánì. Nínú 94, wọ́n bá ohun tó jọ sítẹ́rọ́ìdì tí wọn kò kọ sára agolo. Ní 2010, ní Delhi, wọ́n gba góòlù eré mítà 100 lọ́wọ́ Oludamola Osayomi tiwa nítorí oògùn kan tó ń jẹ́ methylhexaneamine. Oògùn yìí kan náà wà nínú àwọn ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń tà ní gbangba ní Amẹ́ríkà nígbà náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà, kó ṣe báyìí:

1. Kó wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára ọjà náà máa tán. Wọ́n lè tẹ ayédèrú nọ́ńbà, nítorí náà kó rà á ní kẹ́míìsì tó ní apoògùn, kì í ṣe nínú bọ́ọ̀sì tàbí lẹ́nu géètì.

2. Kó ka ohun tí wọ́n pò sínú rẹ̀. Bí wọn kò bá sọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó dá a padà.

3. Bí wọ́n bá ṣèlérí pé yóò di alágbára ní ọ̀sẹ̀ kan, kó sá.

4. Kó ra ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ara bá kọ̀ ọ́, yóò mọ èyí tó fà á.

5. Ẹni tó bá ń bá wọn díje níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ wò, kó wá àmì Informed Sport tàbí NSF Certified for Sport lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kádìí rẹ̀. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn agbẹ́rù bẹ̀bẹ̀ fún trólì. Ohun mímu inú agolo ni wọ́n pín fún wọn, pé kó fún wọn lágbára. Wọ́n mu ún, wọ́n sì ń fi orí ru ẹrù lọ. Ẹ kíyè sí i: láti 1967 ni àjọ ILO, nínú Ìmọ̀ràn 128, ti ní kí ẹrù tí àgbàlagbà ọkùnrin kan ń fi ara rù má ju kílò 55 lọ. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50. Ẹni tí wọ́n bá kó méjì lé lórí, kì í ṣe ara rẹ̀ ni kò lágbára. Ẹrù náà ló pọ̀ jù.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa gbé ohun mẹ́ta lọ bá àwọn ọ̀gá: kí ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà wà nínú oúnjẹ káńtíìnì lójoojúmọ́, kí trólì wà fún ẹrù wúwo, tàbí kí èèyàn méjì máa gbé e, kí ẹni tó ṣe ófátáìmù rí àkókò sùn kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irin, kó máa gbé e, kó jẹun, kó sùn. Bí owó bá ṣẹ́ kù, kó ra creatine rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó oṣù rẹ̀ ra agbára tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ fi oúnjẹ àti ohun èlò san fún un.

Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ nawọ́ sókè kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.