Ẹ Sá Ẹní Yín Sóòrùn

Ọ̀rọ̀ ikọ́ òru ni mo gbé wá lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àkọ́bí mi nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán, a máa sáré kiri bí ọmọ ewúrẹ́. Bí ó bá sùn lóru, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sín, imú rẹ̀ a dí, àyà rẹ̀ a máa dún fíìfíì bí ìgbà tí ènìyàn ń fọn fèrè. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ó ń sùn, lórí tìmùtìmù àtijọ́ kan. Kò pẹ́ tí àwọn kan nínú agbo ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá mi lójú burúkú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń rò. Wọn kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ni ó bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Ó ní: “Orí kí ni ọmọ yìí ń sùn? Ìgbà wo ni ẹ sá a sóòrùn kẹ́yìn?” N kò lè dáhùn. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwé!

Ohun tí ó ṣàlàyé fún mi nìyí. Kòkòrò kan wà tí ó ń gbé inú ẹní, inú ìrọ̀rí, inú tìmùtìmù àti inú aṣọ ìbora. Kì í ṣe ìdun, kì í ṣe iná. Kì í gé ni jẹ, ojú lásán kò sì rí i. Ẹ wo rúlà tí a fi ń fa ìlà ní kíláàsì. Láàárín ìlà kékeré kan sí èkejì, mẹ́ta nínú wọn lè tò síbẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń bó lára wa lórí ibùsùn ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í mu omi. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń fà sára. Ìdí nìyí tí ó fi fẹ́ràn ìgbà òjò, àti yàrá tí a kì í ṣí fèrèsé rẹ̀.

Ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń fa wàhálà. Bí ó bá gbẹ, a di eruku, a ó sì fà á símú. Ara ẹlòmíràn kò kà á sí. Ara ẹlòmíràn kọ̀ ọ́: ojú a máa yún un, imú a dí, ọ̀nà èémí inú àyà a fún pọ̀. Ikọ́ sémìísémìí nìyẹn, tí àwọn dókítà ń pè ní ásímù.

Ní ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ ní ìlú Leiden, ní ilẹ̀ Họ́lándì, fi hàn pé kòkòrò yìí ni ó wà nídìí wàhálà eruku ilé. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn Fore, ará oko bíi tiwa, tí wọ́n ń gbé orí òkè ní Papua New Guinea, ilẹ̀ kan tí ó jìnnà sí wa gan-an. Tẹ́lẹ̀, ekukáká ni a fi ń rí àgbàlagbà tí ó ní ikọ́ sémìísémìí láàárín wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra kúbùsù nítorí òtútù. Ní 1985, àwọn oníṣègùn kọ ọ́ pé ikọ́ náà ti mú bí 7 nínú 100 àgbàlagbà wọn. Wọ́n yẹ kúbùsù náà wò. Kòkòrò yìí kún inú rẹ̀. Kúbùsù kò burú o, èmi náà ní ọ̀kan.

Kí ni kí a wá ṣe? Oòrùn kò gba owó lọ́wọ́ wa. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gbé ẹní, ìrọ̀rí àti tìmùtìmù jáde, bí oòrùn bá ti mú. Ẹ má fi wọ́n sí abẹ́ igi. Ẹ tẹ́ wọn sí ibi tí ó gbóná, kí ẹ sì yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn náà lè gbóná. Kòkòrò náà kò lè fara da ooru àti gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ kú, ìgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi igi lù wọ́n dáadáa ní ìta kí ẹ tó gbé wọn wọlé. Kí ẹni tí ń wúkọ́ má ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó má sì dúró nítòsí. Aṣọ ìbora ńkọ́? Omi gbígbóná tí ọwọ́ kò lè gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìrọ̀rí òwú àràbà tí ó ti gbó, tí ó ti di kókó, n kò ní í tàn yín: ẹ jù ú nù.

Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́. Kí ọmọ tí ń sín jáde kí ìgbálẹ̀ tó wọlé. Ìgbẹ́ aáyán náà ń ṣe irú jàǹbá yìí, nítorí náà ẹ bo ìkòkò ọbẹ̀, ẹ má fi àwo ìdọ̀tí sùn. Adìẹ tí ń sàba lábẹ́ ibùsùn, ẹ wá ibòmíràn fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn tí a ń fún sí oko òwú pa aáyán nínú yàrá. Májèlé ni. Ó lè pa ọmọ kí ó tó pa aáyán tán.

Bí ìhà ọmọ bá ń wọnú bí ó ti ń mí, tí kò lè sọ̀rọ̀ já geere, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ wá zémidjan, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà. Bí ikọ́ bá sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹni náà ń rù, ẹ lọ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ikọ́ mìíràn lè ni, tí oòrùn kò lè wò.

Èmi àti àbúrò mi ni a gbé tìmùtìmù ìyá mi jáde. Eruku tí ó jáde nígbà tí a lù ú kò kéré. Àwọn tí wọ́n ń wo ìyá mi lójú burúkú dúró, wọ́n ń wò ó. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ikọ́ ọmọ náà kò tíì tán pátápátá. Ó ṣì máa ń gbé e nígbà ọyẹ́, a sì ní oògùn tí a ń fún sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òru ni ó ń sùn mọ́jú báyìí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi náà ni ó ṣì ń sùn.