Kí A Tó Gbé Àgbo Mu
N kò ní ká kọ ewé sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 2020: ìjọba Madagásíkà ní àgbo Covid-Organics, tí wọ́n fi ewé artemisia ṣe, ń wo kòrónà. Nígbà tó di oṣù keje, àrùn gbòde, wọ́n tún sé olú-ìlú wọn mọ́. Ewé yìí kan náà ni àwọn ará Ṣáínà ti yọ oògùn ibà, àmọ́ wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò. Nítorí náà, ẹ bi alágbo: kí ló wà níbẹ̀? Báwo la ṣe ń mu ún? Ẹ sọ fún dókítà pẹ̀lú. Bí ibà bá mú ọmọdé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.